Eyín Ọmọ Ajá: Ohun Tí Ìyá Ajá Ti Mọ̀ Kí Aráyé Tó Mọ̀ Ọ́n

Àwọn àgbà wa ló ní eyín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, òun náà ló fi ń bù ú jẹ. Tí ẹnì kan bá ń fojú di òbí tàbí ọ̀gá tó ń bá a ṣàwàdà, òwe yìí la fi máa ń kìlọ̀ fún un. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé ènìyàn kúrò níbẹ̀ ná, ká wo ajá fúnra ẹ̀. Ẹnu kan ṣoṣo ni ajá ní. Òun ló fi ń jẹun, òun ló fi ń gbé ọmọ, òun ló fi ń ṣeré, òun náà ló fi ń jà. Ohun tó pààlà sáàárín eré àti ìjà kò ju bí eyín ṣe wọlé tó lọ. Wọn kì í sì í bí ọmọ ajá mọ́ ìmọ̀ ààlà yẹn. Wọ́n ń kọ́ ọ ni.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí àwa ènìyàn ṣe wá mọ bí a ṣe ń kọ́ ọ. Ó máa yà yín lẹ́nu bó ṣe pẹ́ tó kó tó yé wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ọlọ́pàá àti sọ́jà ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ajá, àwọn yẹn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ajá á fi dàgbà. Kó tó dàgbà tán, ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù ti kọjá lọ.

Ilé-ìwé àkọ́kọ́

Tí ọmọ ajá bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ 3, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu ẹ̀. Eyín ọmọdé wọ̀nyí máa ń pé 28, wọ́n sì mú bí abẹ́rẹ́. Ẹni tí ọmọ ajá bá ti fi wọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú rí mọ ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ ẹ wò ó: eyín yẹn mú, ṣùgbọ́n àgbọ̀n tó gbé e dúró kò tíì lágbára. Ó lè dun ènìyàn gan-an láìjẹ́ pé ó dá ọgbẹ́ ńlá sí i lára. Ó dà bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ọmọ ajá lè tètè gbọ́ igbe ẹni tó gé jẹ, kí agbára tó fi lè ṣèèyàn léṣe tòótọ́ tó dé.

Láti ìgbà náà títí wọ́n á fi tó ọ̀sẹ̀ 8, ọjọ́ kan ò ní lọ kí àwọn ọmọ ìyá kan náà má gun ara wọn, kí wọ́n má gé ara wọn létí, kí wọ́n má fa ara wọn nírù. Tí ọ̀kan bá gé èkejì jù, èkejì á ké, á sì kúrò níbẹ̀. Eré parí nìyẹn. Ẹni tó gé e á wá dúró lóun nìkan, kò sẹ́ni tó máa bá ṣeré. Tó bá jẹ́ ọmú ìyá ló gé, ìyá á dìde, á bá tiẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn á kùn mọ́ ọn, tàbí kó fi ẹnu tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ láì jẹ́ kí eyín wọlé.

Ẹ kíyè sí i: ìyá ò sọ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ lanu. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ìyẹn ti pọ̀ jù." Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra, ó sì gba àwọn olùkọ́ ajá ní àkókò gígùn kí wọ́n tó rí ìyàtọ̀ náà.

Bí sọ́jà ṣe di tíṣà

Ní ọdún 1848, ọ̀gá sọ́jà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. N. Hutchinson, tẹ ìwé kan jáde tó pe orúkọ ẹ̀ ní *Dog Breaking*. Orúkọ yẹn nìkan ti fi bí wọ́n ṣe ń ronú láyé ìgbà yẹn hàn. "Breaking" ni wọ́n ń pe kíkọ́ ajá ọdẹ, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kápá ẹṣin tí ẹnikẹ́ni ò tíì gùn rí. Hutchinson fúnra ẹ̀ kì í ṣe òṣìkà o. Ó gba àwọn ọdẹ níyànjú pé kí wọ́n máa fi sùúrù àti ẹ̀bùn kọ́ ajá, kí wọ́n dín pàṣán kù. Àwọn ọdẹ ẹyẹ níbẹ̀ sì nílò ajá tó máa lọ he ẹyẹ tí wọ́n yìnbọn pa, tó máa gbé e wá láì fi eyín fà á ya. Ẹnu rírọ̀ ni wọ́n ń pe irú ẹnu bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń san owó gidi lórí ajá tó bá ní i. Nítorí náà, wọ́n ti mọ̀ pé ajá lè mọ ìwọ̀n ẹnu ẹ̀. Wọn ò kàn ronú pé ẹ̀kọ́ yẹn lè wúlò fún ọwọ́ ọmọdé inú ilé.

Nígbà tó yá, ohùn mìíràn ló borí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Konrad Most, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ajá fún iṣẹ́ ọlọ́pàá nílùú Saarbrücken. Ó tẹ ìwé ẹ̀ jáde ní 1910. Most gbọ́n. Ó mọ̀ pé èrè tàbí ìyà gbọ́dọ̀ bọ́ sí àsìkò ẹ̀ gan-an kó tó lè yé ajá. Àmọ́ ipá ló pọ̀ jù nínú ọ̀nà tó ń gbà. Ogun àgbáyé méjèèjì wá dé, ìjọba ń wá ajá fún ojú ogun, ọ̀nà àwọn sọ́jà sì tàn kálẹ̀. Nígbà tí ogun parí, àwọn kan lára àwọn tó kọ́ ajá fún sọ́jà padà sílé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ajá aráàlú. Ọ̀kan nínú wọn ni William Koehler ní Amẹ́ríkà, tó tún kọ́ ajá fún fíìmù Walt Disney. Ìwé ẹ̀ tó jáde ní 1962 tà gan-an, ṣéènì tó ń fún ajá lọ́rùn ló sì jẹ́ irinṣẹ́ pàtàkì nínú ẹ̀. Ní 1980, ṣéènì yẹn náà ni Barbara Woodhouse ń lò nígbà tí àwọn ará Britain ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n BBC.

Ohun kan tẹ̀lé irú ẹ̀kọ́ yìí: kíláàsì kì í gba ajá tí kò tíì pé oṣù 6. Ìdí ẹ̀ hàn kedere. Ọrùn ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 10 ò lè gba irú fífà bẹ́ẹ̀. Kí wá ni kí onílé ṣe ní gbogbo oṣù tó wà láàárín, ìgbà tí eyín mú jù lọ? Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ nígbà náà ni pé kí wọ́n ká ìwé ìròyìn kí wọ́n fi gbá a nímú, tàbí kí wọ́n di ẹnu ẹ̀ mú pinpin, tàbí kí wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ajá tí wọ́n ṣe báyìí fún kì í ṣaláì kọ́ nǹkan kan: ó ń kọ́ pé tí ọwọ́ ènìyàn bá ń bọ̀ níwájú òun, kí òun yáa múra ìjà.

Pápá kan ní Bar Harbor

Ìlú kékeré kan létí òkun ní ìpínlẹ̀ Maine, ní Amẹ́ríkà, ni èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Bar Harbor ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni ilé ìwádìí Jackson Laboratory wà. Láti àárín àwọn ọdún 1940 lọ, John Paul Scott àti John L. Fuller ń wádìí níbẹ̀ bóyá inú ẹ̀jẹ̀ ni ìwà ajá ti ń wá àbí ọwọ́ àwọn tó tọ́ ọ. Wọ́n lo ẹ̀yà ajá márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ilẹ̀ Áfíríkà tiwa: basenji, ajá ọdẹ ilẹ̀ Kóńgò, tí kì í gbó bíi ti àwọn ajá yòókù.

Àwọn ọmọ basenji yẹn ló fún wọn ní ẹ̀kọ́ tó jọ mí lójú jù. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀sẹ̀ 5, wọ́n ń sá fún ènìyàn, wọ́n ń ké, tí wọ́n bá sì há wọn mọ́ igun, wọ́n á fẹ́ gé wọn jẹ. Ẹni tó bá rí wọn lọ́jọ́ yẹn á sọ pé ajá burúkú nìyí, ẹ̀jẹ̀ ìgbẹ́ ló wà lára wọn. Àmọ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń wà pẹ̀lú wọn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ara wọn rọlẹ̀. Ìbárìn ló tù wọ́n lójú, kì í ṣe ẹgba.

Ní 1961, àwọn mẹ́ta mìíràn níbẹ̀, Daniel Freedman, John King àti Orville Elliot, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n tọ́ ọmọ ajá nínú pápá tí wọ́n mọ ọgbà gíga yí ká. Oúnjẹ wà, ìyá wọn wà, ṣùgbọ́n wọn ò rí ènìyàn. Wọ́n ń mú àwọn kan jáde ní ọ̀sẹ̀ 2, àwọn kan ní ọ̀sẹ̀ 3, 5, 7 tàbí 9, kí wọ́n lè bá ènìyàn gbé fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan kò bá ènìyàn pàdé rárá títí wọ́n fi pé ọ̀sẹ̀ 14. Àwọn tó pẹ́ jù yìí dà bí ẹranko ìgbẹ́, wọ́n ń sá fún ènìyàn, ó sì ṣòro gan-an láti sọ wọ́n di ajá ilé.

Scott àti Fuller kó gbogbo ẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan ní 1965. Kókó ibẹ̀ ni pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 títí dé bí ọ̀sẹ̀ 12, ilẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ nínú ọpọlọ ajá. Ohun tó bá bá pàdé ní àkókò yẹn ló máa kà sí ẹbí. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn á máa pa dé díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá fi èyí wé òfin oṣù 6. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ti pa dé tán ni àwọn tíṣà ń dé ẹnu ọ̀nà.

Ìkookò tí wọ́n ṣì lóye

Nǹkan mìíràn tún dí ọ̀nà. Ní 1947, Rudolph Schenkel kọ nípa àwọn ìkookò tó ṣàkíyèsí nínú ọgbà ẹranko nílùú Basel, ní Switzerland. Ó rí i pé wọ́n ń bá ara wọn du ipò ọ̀gá. Ìwé tí L. David Mech kọ ní 1970 wà lára ohun tó gbé èrò yẹn káàkiri. Làwọn olùkọ́ ajá bá gbé e wọlé: wọ́n ní tí ọmọ ajá bá gé yín lọ́wọ́, ipò yín ló ń dù. Ìwé kan tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní New Skete, ní New York, kọ ní 1978 tilẹ̀ ní kí wọ́n dojú ajá délẹ̀ kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ìkookò Basel kì í ṣe ẹbí kan náà. Àjèjì ni wọ́n kó pọ̀ sójú kan, tí wọn ò lè sá fún ara wọn. Ní 1999, Mech fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé nínú igbó, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ ni agbo ìkookò sábà máa ń jẹ́. Ó tún bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé ẹ̀ àtijọ́ pé kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 9 tó ń fi eyín dán ọwọ́ yín wò ò gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀ kankan. Ó ń bi yín ní ìbéèrè tó ń bi àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ ni: "Ṣé eléyìí ti pọ̀ jù?"

Berkeley, 1982

Ian Dunbar kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko ní Royal Veterinary College ní London, lẹ́yìn náà ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà ajá ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley. Ní 1982, ó dá kíláàsì kan sílẹ̀ tó pè ní SIRIUS. Ọmọ ajá nìkan ló ń gbà, kò sì fi okùn sí wọn lọ́rùn. Ó jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn ṣeré, kí oríṣiríṣi ènìyàn sì máa gbé wọn lọ́wọ́. Oúnjẹ ló fi ń kọ́ wọn dípò ṣéènì.

Ìlànà tó gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eyín yìí, tí ẹ bá wò ó dáadáa, ti ìyá ajá ni. Ó ní kí ẹ má fi òfin de ẹnu ọmọ ajá pátápátá láti ọjọ́ kìíní. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ pé kó má fi agbára gé. Tó bá dùn yín, ẹ ké, ẹ dá eré dúró, ẹ gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ tó padà bá a ṣeré. Tí èyí tó ń dunni bá ti tán, ẹ wá máa ṣe bí ẹni pé èyí tí kò dùn náà ń dùn yín, títí ẹnu ẹ̀ á fi rọ̀ bí òwú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó dín iye ìgbà tó ń ṣe é kù, kí ẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan bíi "Ó tó!" Níkẹyìn, kò ní máa gbé ọwọ́ ènìyàn sẹ́nu mọ́ àfi tí wọ́n bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tó fi tò ó báyìí? Ìdáhùn Dunbar rọrùn. Ọmọ ajá tí wọ́n kàn fòfin dè lè dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ìwọ̀n ẹnu ẹ̀. Eyín ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ní bí oṣù 4, eyín àgbà 42 á rọ́pò wọn, àgbọ̀n á sì le. Lọ́jọ́ tí ọmọdé bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ nírù nínú òkùnkùn, ara ẹ̀ á ta. Ajá tó mọ ìwọ̀n ẹnu ẹ̀ á fi eyín kan ẹsẹ̀ lásán, kó tó ronú. Ajá tí kò mọ̀ ọ́n á fi gbogbo agbára gé e. Dunbar tún ṣe òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn gígé ajá sí ipele 6: ìkíní ni kí ajá gé afẹ́fẹ́ láì kan ara, ìkejì ni kí eyín kan ara láì dá a lu, ìkẹfà ni ikú. Láàárín ìkejì àti èyí tó le jù ú lọ, ẹ̀kọ́ ìgbà kékeré lè jẹ́ gbogbo ìyàtọ̀.

Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ajá ló fara mọ́ gbogbo ẹ̀ o. Àwọn kan ní kí ẹ má jẹ́ kó fẹnu kan ọwọ́ rárá, kí ẹ fún un ní nǹkan ìṣeré tó lè máa run lẹ́nu. Àwọn mìíràn ti rí i pé igbe máa ń dá àwọn ọmọ ajá kan lára yá sí i ni, fún irú wọn, kí ẹ kàn dìde kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ lórí kókó kan, ẹnu wọn kò: ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ẹgba.

Àwọn dókítà náà yí èrò padà

Ohun kan ṣì kù tó ń ti ọmọ ajá mọ́lé. Ní nǹkan bí 1978, àrùn parvo jáde káàkiri ayé, ó sì ń pa ọmọ ajá lọ bẹẹrẹ. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà bí àwọn dókítà ẹranko ṣe ń sọ pé kí ọmọ ajá má jáde títí yóò fi gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ tán, ìyẹn ní bí oṣù 4. Ẹ sì ti mọ ohun tó ti kọjá kó tó di oṣù 4.

Ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí ìwà ẹranko ní Amẹ́ríkà, AVSAB, sọ̀rọ̀ jáde. Wọ́n ní ọmọ ajá lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì láti ọ̀sẹ̀ 7 sí 8, tó bá ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní ó kéré tán ọjọ́ 7 ṣáájú, tí ibi tí wọ́n ń lò sì mọ́. Ìdí tí wọ́n fún un wúwo: wọ́n ní ìwà ló ń pa ajá tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta jù, kì í ṣe àrùn. Ajá tó bá gé ènìyàn jẹ, wọ́n á lé e jáde tàbí kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ikú.

Nílé tiwa

Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú gbogbo ènìyàn tí dìgbòlugi ń ràn, tó 99 nínú 100 tó jẹ́ ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú àwọn tí irú ajá bẹ́ẹ̀ ń gé jẹ. Àìsàn yìí, tí àmì ẹ̀ bá ti fi lè hàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Bí ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọ ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé ìgbà tó ń fi eyín ṣeré jù, kò tíì ní ààbò. Nítorí náà, tí eyín ọmọ ajá bá dá ara yín lu, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù. Ẹ má sọ pé, "Ọmọ ajá lásán ni."

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ajá tí kò lè gé ènìyàn jẹ, kí ló wá wúlò fún?" Torí ẹ̀ ni wọ́n fi máa ń tọ́ ọmọ ajá sínú àgò, tí wọ́n á máa fi igi tọ́ ọ kó lè ya òǹrorò. Ẹ rántí àwọn ọmọ ajá inú pápá Bar Harbor. Ẹ̀rù ni irú ìtọ́jú yẹn ń kọ́ ajá. Ajá tẹ́rù ń bà kì í sì í bèèrè bóyá olè ló ń bọ̀ tàbí ọmọ aládùúgbò tó wá gbé bọ́ọ̀lù ẹ̀. Gbígbó lásán ti tó láti jí gbogbo àdúgbò. Ajá ọdẹ pàápàá, tó bá ń fa ẹran ya kí ọdẹ tó dé, ta ló máa mú un lọ sígbó lẹ́ẹ̀kejì?

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe ni ọjọ́ tí a gba ọmọ ajá. Ẹni tó ń tà á fẹ́ tètè gba owó ẹ̀, ẹni tó ń rà á fẹ́ ẹ kékeré bíńtín, ni wọ́n bá já a gbà lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 5. A ti mú un kúrò ní ilé-ìwé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ A-B-D. Tó bá wá ń gé gbogbo ará ilé jẹ, a ní ajá burúkú ni, a mú bàtà.

Tí ẹ bá ń lọ gba ọmọ ajá, ẹ bèèrè ọjọ́ ìbí ẹ̀ ná. Tí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, ẹ san àsansílẹ̀ tó bá pọn dandan, kí ẹ fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Tó bá sì ti délé yín tó gé yín lọ́wọ́, ẹ ṣe bí ìyá ẹ̀: ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó dùn yín, ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ tún padà wá.